Ọ̀bẹ Ara Agolo Mílíìkì

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí lára agolo náà ni ọ̀bẹ. Wọ́n ya ṣíbí kan, wọ́n wá ya ọ̀bẹ lé e lórí ní ìbú. Mo yí agolo síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i, òyìnbó ni, bẹ́ẹ̀ ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá mi tó ní kí n máa bá ìyá mi lọ sọ́jà. Mo mọ nọ́ńbà. Mo lè ka Yorùbá tí wọ́n bá kọ ọ́ gàdàgbà. Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀bẹ ń wá nínú oúnjẹ ọmọ tuntun? Mo ní bóyá ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí a má fi ọ̀bẹ sí ìtòsí ọmọ. Mo kó ọ̀bẹ méjèèjì tó wà ní ilé ìdáná wa, mo fi wọ́n há àjà.

Misturat ọmọ mi ló bí ọmọ náà, Mùstàfá. Ọmọ pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún nígbà tí àìsàn dá ìyá rẹ̀ dúbúlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì ní oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ lágbára, kò gbọdọ̀ fún ọmọ lọ́mú títí yóò fi lò ó tán. Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Èmi ni wọ́n wá gbé ọmọ fún ní Òtù níbí. Àpò kan, fídà méjì, agolo mílíìkì mẹ́ta. Misturat bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín.

"Màmi, omi tó ti hó tó sì ti lọ wọ́ọ́rọ́, kó dé ìlà mẹ́rin lára fídà. Ṣíbí mẹ́rin. Ṣíbí inú agolo ni o, kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀."

"Mo ti gbọ́. Ìlà mẹ́rin, ṣíbí mẹ́rin."

"Màmi, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀."

N kò sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí. Gbogbo ọmọ tí mo bí, ọmú ni wọ́n mu. N kò di fídà mú rí. Àti pé àkọ́bí mi, Mojeed... N kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Ọmọ oṣù méjì ni. Ó bì, ó bì, ó bì. Ní ọjọ́ kẹrin a sin ín. Ó ti di ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Títí di òní, tí mo bá wà nílé ẹlòmíràn tí ọmọdé ibẹ̀ bì, mo máa ń wá nǹkan sọ, n ó dìde, n ó máa lọ.

Ọjọ́ kẹta tí Mùstàfá dé ọwọ́ mi, ó bì.

Èjìká mi ló bì sí. Ó funfun, ó dì bí wàrà tó ti kan, ó ń rùn. Mo dúró sójú kan. Kàdírì, ọkọ mi, wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tún okùn rédíò rẹ̀ ṣe.

"Ìyá Misturat, kí ló dé tí o dúró bí òpó iná?"

"Ó bì."

"Ọmọdé wo ni kì í bì? Ìwọ náà bì sí ìyá rẹ lára."

"Bàbá Misturat, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"N kò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Nu èjìká rẹ."

Mo nù ún. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó tún bì. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi èèyàn. Obìnrin tó ń ta ata níwájú wa ní eyín ló ń bọ̀. Eyín? Fún ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Àfi tó bá jẹ́ èmi ló fẹ́ fi gé jẹ. Ẹlòmíràn ní kí n wá àgbo. Ẹlòmíràn ní kí n po ògì mọ́ mílíìkì kó lè wúwo, kó lè jókòó sínú rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n ṣe èyí. Mo ti gbé ògì dání pàápàá. Ẹ̀rù ló dá mi dúró. Mo ní ohun tí n kò bá mọ ibi tó ń lọ, n kò ní fi rán ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀wà àti àgbàdo ni mo ń tà níwájú ilé. Kóńgò mi, kì í ṣe kóńgò àwọn tó ń fi ọwọ́ gbá ojú rẹ̀ tẹ́. Tí mo bá bu ẹ̀wà, mo máa ń rọ́ ọ títí yóò fi gogo bí òkìtì, tí àwọn tó wà létí yóò máa yọ́ bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà n ó tún bu ìkúnwọ́ kan lé e. Èènì nìyẹn. Ìyá mi ló kọ́ mi. Ó ní òṣùwọ̀n tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú ahun ló fi ń wo èèyàn. Wọ́n ń ti Àgọ́-Àrẹ wá ra ẹ̀wà lọ́wọ́ mi.

Nítorí pé ẹ̀wà àti àgbàdo wà nítòsí, mo gbé ife onírin kan ka ojú fèrèsé. Tí ọmọ bá mu mílíìkì tó sì dúró, mo sọ àgbàdo kan sínú rẹ̀. Tó bá bì, ẹ̀wà kan. N kò mọ ohun tí n ó fi ṣe. Ó kàn ń ṣe mí bíi pé tí ojú mi bá ń ṣọ́ ọ, kò ní yọ́ lọ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo ń wo èébì náà fúnra rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ojú tí mo fi ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà ni mo fi ń wò ó. Mo wá rí i pé kì í ṣe oríṣi kan. Ọ̀kan wà tó máa ń bá gùfẹ̀ jáde, tí yóò ṣàn díẹ̀ sí àgbọ̀n rẹ̀, tí ọmọ kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n èyí tó ń dẹ́rù bà mí, ó máa ń pẹ́ kó tó dé. Ọmọ yóò kọ́kọ́ fa ojú pọ̀. Yóò na ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ yóò jáde. Tó bá wá bì tán, yóò máa fa ìka rẹ̀ mu, yóò máa wá nǹkan kiri pẹ̀lú ẹnu. Èmi yóò ní áà, inú rẹ̀ ti ṣófo, ebi ń pa á. N ó po òmíràn, n ó sì ṣe é dára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní Sátidé mo lọ kó ẹ̀wà ní Ṣakí. Mo gbé ọmọ fún Florence, ìyá Kíkẹ́, tó háyà yàrá kejì nínú ilé wa. Káńsù ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í lọ ní Sátidé. Nígbà tí mo dé, ọmọ ń sùn, ẹnu rẹ̀ mọ́ tónítóní, aṣọ rẹ̀ kò rùn.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ló mu, Ìyá Misturat. Kò bì rárá."

"Rárá?"

"Àní ó gùfẹ̀ bí alága káńsù."

Mo sọ àgbàdo méjì sínú ife. Inú mi dùn. Mo po tèmi fún un ní ìrọ̀lẹ́, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní, mo lọ dá oníbàárà kan lóhùn. Kí n tó padà dé, ó ti bì. Ẹ̀wà kan. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Florence fún un lọ́sàn-án nígbà tí mo ń dáná. Àgbàdo. Èmi fún un lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ẹ̀wà.

"Ó jọ pé Mùstàfá ti rí ìyàwó o," Florence ní. "Kò fẹ́ oúnjẹ ìyá àgbà mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, mo rí i pé ètè ọmọ gbẹ díẹ̀. Ìtẹ́dìí tó fi sùn kò tutù tó bó ṣe máa ń tutù, ìtọ̀ ibẹ̀ sì pọ́n. Mo da ife náà sórí àwo. Ẹ̀wà mọ́kànlá. Àgbàdo márùn-ún. Nínú márùn-ún yẹn, ti Florence ni mẹ́ta.

Mo jókòó, mo ń wo ọwọ́ mi méjèèjì, inú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣé ọwọ́ yìí ni? Ṣé òun náà ló gbé Mojeed? Mo da gbogbo rẹ̀ padà sínú ife, mo fi aṣọ di ojú rẹ̀. Mo kó agolo, mo kó fídà àti omi gbígbóná nínú fúláàsì. Mo gbé ọmọ sáyà, mo dá ọ̀kadà dúró, ó di ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀ṣúnyẹmí. Ó kéré lára, ohùn rẹ̀ ló tóbi. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bí ọlọ́pàá.

"Kí ni àwọ̀ ohun tó ń bì?"

"Funfun."

"Kò ní àwọ̀ ewé? Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀?"

"Rárá. Mo máa ń wò ó dáadáa."

"Ṣé ó máa ń tú jáde fìrì, bíi pé ẹnìkan tẹ̀ ẹ́ nínú, tó lè dé ara ògiri?"

"Kò dé ògiri. Èjìká mi ló ń dé."

"Ìtẹ́dìí mélòó ló ń tọ̀ sí lójúmọ́?"

"Mẹ́fà, méje. Lánàá, mẹ́rin péré."

Ó fi ìka kan àwùjẹ̀ orí ọmọ, ibi tó máa ń mí yẹn. Ó fa awọ ikùn rẹ̀ díẹ̀, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó wò ó lẹ́nu. Ó fi nǹkan wo bí ara rẹ̀ ṣe gbóná sí. Ó gbé e sórí ìwọ̀n. Mo dúró tì í.

"Màmá, ẹ mí."

N kò mọ̀ pé mo ti há èémí mọ́lẹ̀.

"Omi ara rẹ̀ ti ń dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì burú. Ó dára tí ẹ tètè wá. Kí lẹ dì sínú aṣọ yìí? Ṣé ẹ̀wà lẹ fẹ́ tà fún mi ni?"

Mo tú aṣọ náà. Mo ṣàlàyé fún un, àgbàdo nìyí, ẹ̀wà nìyí, àti bí ọmọ ṣe máa ń fa ìka mu tó bá bì tán, tí n ó tún po òmíràn. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó da ife náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi ìka yà wọ́n sọ́tọ̀.

"Ta ló ni àwọn àgbàdo yìí?"

"Florence ló ni mẹ́ta. Obìnrin kan nínú ilé wa."

"Ẹ̀wà ńkọ́?"

"Èmi ni. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọwọ́ mi ni?"

"Ọwọ́ yín náà ni mo fẹ́ wò. Ẹ pò ó níwájú mi."

Mo fọ ọwọ́. Mo da omi sí fídà, ó dé ìlà mẹ́rin. Mo ki ṣíbí bọ agolo. Mo bù ú, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó má bàa dà, mo tún rọ́ ọ lé e títí ó fi gogo. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Mo wá fi ìdajì kan lé e, mo dé fídà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín.

"Màmá."

"Nọ́ọ̀sì."

"Èyí tó kẹ́yìn yẹn ńkọ́?"

"Èwo?"

"Ìdajì yẹn."

Mo wo fídà, mo wo agolo. Ká sọ tòótọ́, n kò mọ̀ pé mo ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ mi ló ṣe é fúnra rẹ̀.

"Èènì ni," mo ní.

"Èènì?"

"Ọmọ ọmọ mi ni. Ṣé kí n wá máa wọn oúnjẹ fún un bí ahun ni?"

Nọ́ọ̀sì di etí tábìlì mú. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó fa ìwé kan tó mọ́ jáde. Ó ní kí n tún bu ṣíbí kan bí mo ṣe máa ń bù ú. Ó dà á sórí ìwé. Ó wá bu tirẹ̀, ó fi rúlà gbá ojú ṣíbí tẹ́, ó dà á sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Tèmi jókòó bí òkè. Tirẹ̀ dà bíi pé ẹnìkan ti jẹ nínú rẹ̀.

"Ẹ wò ó. Ẹ rò pé ṣíbí mẹ́rin lẹ dà sómi. Tí mo bá wọn gbogbo rẹ̀, yóò lé ní mẹ́fà, omi kò sì lé."

"Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni, Nọ́ọ̀sì. Báwo ni oúnjẹ tó pọ̀ ṣe lè pa ọmọ lára?"

"Tí mo bá da iyọ̀ ọbẹ̀ èèyàn mẹ́wàá sínú ọbẹ̀ ẹnìkan, tí mo ní èènì ni, ṣé ẹ ó kí mi?"

Mo tún wo òkè tèmi lórí ìwé náà.

"Inú rẹ̀ kéré. Ohun tó ki bẹ́ẹ̀ yẹn, kò lè lọ̀ ọ́, ó ń dà á padà. Èyí tó sì dúró níbẹ̀ ń fa omi ara rẹ̀. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́ tó fi ń fa ìka mu. Ẹ̀yin wá rò pé ebi ni, ẹ tún fi èyí tó ki ju ti tẹ́lẹ̀ bọ́ ọ."

Bí mo ti ń rò ó, ojú mi bọ́ sára agolo. Mo gbé e. Mo fi ìka tọ́ka.

"Nọ́ọ̀sì. Ọ̀bẹ yìí. Ṣé láti fi gbá ojú ṣíbí ni?"

"Kí lẹ ti rò pé ó wà fún?"

"Mo ti kó ọ̀bẹ ilé mi há àjà."

Ẹ̀rín tún gbé e. Lọ́tẹ̀ yìí mo bá a rín in, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi kò tíì tán. Ohun tí kò bá yé mi, ó máa ń yún mi lọ́fun.

"Tí mo bá wá jẹ́ kó ṣàn díẹ̀ ńkọ́? Kí n fi ṣíbí mẹ́ta sómi mẹ́rin, kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn?"

"Ẹ má dán an wò. Ebi ni yóò pa á. Ohun tí agolo wí ni kí ẹ ṣe. Tí ẹ bá ra agolo mìíràn, ẹ gbé e wá ká bá yín kà á, nítorí òṣùwọ̀n wọn lè yàtọ̀. Omi ni kó kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà mílíìkì. Èyí tó bá mu kù, ẹ dà á nù. Ẹ má po ògì mọ́ ọn."

"N kò po ògì mọ́ ọn."

"Mo ṣáà ń sọ ọ́. Tó bá mu dé ìdajì, ẹ jẹ́ kó gùfẹ̀. Tó bá mu tán, ẹ gbé e lóòró, ó tó ìdajì wákàtí. Ẹ má sáré tẹ́ ẹ sórí ẹní torí oníbàárà."

Ta ló sọ fún un?

"Yóò ṣì máa bì díẹ̀díẹ̀ o," ó ní. "Ọmọdé ni. Èyí tó ń ṣàn sí àgbọ̀n, aṣọ lẹ ó fi nù ún. Ṣùgbọ́n tó bá bì tó ní àwọ̀ ewé, tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tó ń tú jáde fìrì ní gbogbo ìgbà, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ jìn wọlé, tí kò tọ̀, tí kò fẹ́ jí mu, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ má bi aládùúgbò."

Ó da èyí tí mo pò nù. Ó po òmíràn, ó fún ọmọ fúnra rẹ̀. A jókòó. Ọmọ kò bì. Nígbà tó yá, ó tọ̀ sí i lára. Nọ́ọ̀sì ní Alhamdulillah, bẹ́ẹ̀ orúkọ ìdílé rẹ̀ kì í ṣe ti mùsùlùmí.

Mo ti dìde tán kí n tó lè sọ èyí tó wà nínú mi.

"Nọ́ọ̀sì, mo ní ọmọ kan rí. Ó ti pẹ́. Òun náà bì. Ọmú ló ń mu. Ṣé ohun kan tí mo ṣe..."

Ó kọ́kọ́ fi aṣọ bo ẹsẹ̀ Mùstàfá.

"Màmá, n kò rí i. N kò lè sọ ohun tí n kò rí. Èyí tí mo rí ló wà láyà yín yìí. Ẹ gbé e padà wá ní Àlàmísì, ká tún fi í sórí ìwọ̀n."

Kò tù mí nínú tán. Ṣùgbọ́n kò parọ́ fún mi.

Nígbà tí mo délé, mo gun àpótí, mo na ọwọ́ sí àjà. Kàdírì gbójú sókè láti ibi rédíò rẹ̀.

"Ọ̀bẹ? Ta lo fẹ́ pa?"

"Mílíìkì."

Mo ṣàlàyé fún un. Ó sọ ọ́ fún aláta iwájú ilé, aláta sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò. Kò kàn mí. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ọwọ́ nọ́ọ̀sì ló po èyí tó dúró. Ọwọ́ Florence ló po ti tẹ́lẹ̀. Tèmi ló kù.

Lẹ́yìn Àsárì, mo bẹ̀rẹ̀. Mo fọ ọ̀bẹ, mo da omi gbígbóná lé e. Omi, ìlà mẹ́rin. Mo bu ṣíbí, mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá a. Òkìtì orí rẹ̀ wó padà sínú agolo. Ó dùn mí. Ó dà bíi pé mo ń jí nǹkan ọmọ kó níṣojú rẹ̀. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Ọwọ́ mi tún fẹ́ padà sínú agolo, mo rí i tó ń lọ. Mo yára dé agolo.

Mùstàfá mu ìdajì, mo jẹ́ kó gùfẹ̀. Ó mu ìyókù. Mo gbé e lé èjìká, lóòró, mo sì jókòó sórí àpótí lẹ́yìn àpò ẹ̀wà. Ojú mi wà lára aago ògiri. Ó fa ojú pọ̀. Mo rí i. Ó na ẹsẹ̀ kan.

Florence wọlé pẹ̀lú báàgì ibi iṣẹ́ lọ́rùn ọwọ́.

"Ìyá Misturat, ẹ kú ilé o. Kóńgò ẹ̀wà kan."

"Bù ú fúnra rẹ."

"Èmi? Kóńgò tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn?"

"Ìyá Kíkẹ́, kò tíì pé ìdajì wákàtí. N kò lè dìde."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bù ú. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ sọ nǹkan kan, ẹ̀rín ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé kí n fi ọ̀bẹ gbá a?"

"Dán an wò, kí n lé ọ kúrò nínú ilé yìí. Rọ́ ọ kó gogo. Bu èènì rẹ."

Mùstàfá gùfẹ̀. Nǹkan tó gbóná ṣàn sí mi léjìká. Kóńgò ṣì wà lọ́wọ́ Florence. Mo yí ọrùn díẹ̀díẹ̀, mo wò ó. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni. Ó funfun. Kò dì, kò rùn. Ọmọ náà tilẹ̀ ti gbé orí sílẹ̀, ó ń wo etí mi bíi pé ohun tuntun ni. Kò fa ìka mu. Mo fi aṣọ nù ún. A jọ ń wo aago, èmi àti Florence, títí ọwọ́ rẹ̀ fi kọjá ibi tí mo fi ojú sí, tó tún kọjá rẹ̀ dáadáa. Kò bì.

"Bá mi mú àgbàdo nínú àpò yẹn," mo ní, "kí o sọ ọ́ sínú ife ojú fèrèsé."

"Mélòó?"

"Ẹyọ kan. Má fi èènì sí i."